Lórí Oúnjẹ Ajá: Egungun Sísè àti Ẹran Tútù

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó ti ń ka ojú ewé yìí láti ìgbà pípẹ́. Ó bẹ̀ wá kí a bá òun parí aáwọ̀ kan tí ó wà láàrin òun àti ọmọ òun ọkùnrin. Ọmọ náà ti Èkó dé pẹ̀lú ajá ńlá kan, irú èyí tí a kó ìran rẹ̀ ti òkè òkun wá, orí adìẹ àti ẹsẹ̀ adìẹ tútù ni ó sì fi ń bọ́ ọ, láìsè, láìsun. Ìyá náà kò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ adìẹ máa kán sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń rákò sí. Ọmọ sì dá a lóhùn pé, "Màmá, ẹ̀yin gan-an ni ẹ óò pa ajá yìí fún mi," nítorí pé ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá jẹun tán, ìyá a máa kó gbogbo egungun adìẹ inú ọbẹ̀ jọ sínú àwo kan, a sì dà á síwájú ajá. Ó fi kún un pé òun ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ajá mẹ́rin láti ìgbà tí òun ti wọ ilé ọkọ, kò sì sí èyí tí ó ti ipa rẹ̀ kú. "Ta ni ó jàre nínú àwa méjèèjì?" ni ìbéèrè rẹ̀.

Kí ìyá wa má bínú, kí ọmọ rẹ̀ náà má sì tíì yọ̀. Ẹ̀sùn tí olúkúlùkù fi kan ẹnìkejì, òtítọ́ ni. Ohun tí olúkúlùkù ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni kò tọ́. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ wọn lójú ni pé wọ́n ka egungun sísè àti ẹran tútù sí ewu kan náà. Wọn kì í ṣe ọ̀kan. Egungun sísè, ajá fúnra rẹ̀ ni ó ń pa lára. Ẹran tútù, ajá lè jẹ ẹ́ kí ó sì máa ju ìrù kiri, nígbà tí ọmọ ọwọ́ inú ilé wà lórí ẹní àìsàn. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń béèrè pé, "Ǹjẹ́ kò ní ṣe ajá ní nǹkan?" ìdajì ìbéèrè ni ó bi wá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti egungun. Gbogbo wa ni a dàgbà bá a pé ènìyàn ni ó ni ẹran, ajá ni ó ni egungun. Ẹni tí ó bá wí pé kò léwu yóò máa tọ́ka sí ajá tí ó jẹ egungun fún ọdún mẹ́wàá tí kò kú, àní bí ìyá wa ti tọ́ka sí mẹ́rin tirẹ̀. A kò jiyàn pé ọ̀pọ̀ ajá ni ó ń jẹ ẹ́ ní àjẹyè. Ṣùgbọ́n ta ni ó ka èyí tí ó kú? Ajá tí ó bá wọ inú igbó lọ tí ó sì kú síbẹ̀, a ó wí pé ejò ni ó bù ú ṣán, tàbí pé aládùúgbò kan ni ó fi májèlé sínú oúnjẹ fún un, a ó sì máa fi ojú burúkú wo ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Kò sí ẹni tí ó la ikùn rẹ̀ wò.

Ohun méjì ni a fi dá egungun. Ọ̀kan le bí ẹfun; èkejì rọ̀, ó sì yi bí awọ. Èyí tí ó le ni kì í jẹ́ kí egungun tẹ̀. Èyí tí ó yi ni kì í jẹ́ kí ó fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ̀yin ìyá ilé mọ èkejì yìí dáadáa, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: òun ni ó ń jáde sínú omi nígbà tí ẹ bá se ẹsẹ̀ màlúù pẹ́ lórí iná, tí omi náà sì ń dì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì nínú ìkòkò. Bí iná bá ti ba èyí tí ó yi jẹ́, tí ó sì ti fa omi inú egungun gbẹ, èyí tí ó dà bí ẹfun ni ó kù ní ipò agbára. Fi ọwọ́ ṣẹ́ egungun itan adìẹ tí a ti sè, kí o sì wo ojú ibi tí ó ti ṣẹ́: ṣóńṣó ni, bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Èyí tí a dín tàbí tí a sun tún burú ju èyí tí a bọ̀ lọ, nítorí gbígbẹ rẹ̀. Egungun ẹyẹ àti egungun ìhà ewúrẹ́ ni ó burú jù nínú wọn.

Ajá kì í sì jẹun bí ènìyàn. Kì í rún egungun kúnná. A fọ́ ọ sí méjì mẹ́ta, a gbé e mì, pàápàá bí ajá mìíràn bá dúró tì í. Egungun náà lè há sí àjà ẹnu láàrin ehín ọ̀tún àti ti òsì, kí ajá máa fi ẹsẹ̀ ha ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí agbọ́n ta. Ó lè há sí ọ̀nà ọ̀fun. Bí ó bá kọjá níbẹ̀, ó lè lu agbẹ̀du tàbí ìfun, kí ìdọ̀tí inú ìfun sì tú dà sínú ikùn, èyí tí í máa pa ẹranko láàrin ọjọ́ díẹ̀. Bí kò bá sì gún ibi kankan, fífọ́ rẹ̀ lè kó jọ ní ìsàlẹ̀ ìfun kí ó dì bí sìmẹ́ńtì, ajá yóò máa tiraka láti yàgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ nìkan ni yóò sì máa jáde.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, olùṣọ́ àgbàlá ìjọ wa ní ajá pupa kan tí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ràn. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Kérésìmesì ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Tíṣà, wọ́n ti fún ajá mi ní nǹkan jẹ o." Ó ti mọ ẹni tí ó ṣe é lójú ara rẹ̀: aládùúgbò tí ajá náà ti pa adìẹ rẹ̀ rí. Nítorí pé mo rí i pé ìjà ńlá ń bọ̀, mo rọ̀ ọ́ kí a gbé òkú ajá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kí ó là á wò. Májèlé kọ́. Ṣóńṣó egungun adìẹ kan, tí kò gùn ju igi ìṣáná lọ, ni ó gún ìfun rẹ̀ ní àgúnyọ. Inú àwo àjẹkù gbogbo wa ni ó ti wá, èmi pẹ̀lú. Olùṣọ́ náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ kí aládùúgbò rẹ̀ kú àṣálẹ́, èyí tí kò ti ṣe fún oṣù méjì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn egungun tí a ń dì sínú ọ̀rá tí a sì ń tà ní ilé ìtajà fún ajá sàn ju ti inú ọbẹ̀ lọ. Ní ọdún 2017 ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú nípa wọn. Nǹkan bí ìròyìn 68 ni ó ti dé ọwọ́ wọn nípa irú egungun bẹ́ẹ̀, tí a ti yan tàbí tí a ti fi èéfín gbẹ; ọ̀rọ̀ náà kan ajá bí 90, a sì ròyìn pé nǹkan bí 15 nínú wọn kú. Àwọn tí ẹnìkan kọ̀wé nípa wọn nìkan nìyẹn.

Ọmọ ìyá wa yóò wí pé egungun tútù kì í fọ́ ṣóńṣó bẹ́ẹ̀. Ó sọ òtítọ́ díẹ̀: èyí tí a kò sè ṣì ní ohun tí ó yi nínú, ó sì máa ń tẹ̀ kí ó tó ṣẹ́. Síbẹ̀ ó lè há, ó sì lè dí ìfun. Egungun itan màlúù tí ó le bí òkúta a sì máa fọ́ ehín. Ehín 42 ni àgbà ajá ní, àwọn tí ó tóbi jù ní ẹ̀gbẹ́ òkè, tí ó fi ń gé ẹran, ni ó sábà máa ń là lórí egungun bẹ́ẹ̀. Ajá kì í sì í lè sọ pé ehín ń ro òun. Bí o bá fẹ́ fún ajá ní ohun tí yóò máa gé jẹ, fi èékánná àtàǹpàkò rẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá ní ojú àpá, ó le jù fún un.

Bí ajá bá ti gbé egungun mì, tí ó ń da itọ́, tí ó ń bì, tí kò jẹun, tí ikùn rẹ̀ wú tàbí tí ó le, ẹ gbé e tọ dókítà ẹran lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Àwọn ìyá wa mọ bí a ti í fi òkèlè ẹ̀bà ti egungun ẹja wọlé lọ́fun ọmọ ènìyàn. Ẹ má ṣe dán irú rẹ̀ wò fún ajá, torí ẹ óò ti ṣóńṣó náà wọ inú ẹran ara rẹ̀. Ẹ má ṣe da epo pupa sí i lọ́fun, nítorí ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má sì ṣe fi agídí mú un bì: ohun tí ó ha á nígbà tí ó ń lọ yóò tún ha á nígbà tí ó bá ń bọ̀.

Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí egungun. Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan ọmọ ìyá wa.

Kì í ṣe òun ni ó dá ẹ̀kọ́ tí ó ń tẹ̀ lé sílẹ̀. Ní ọdún 1993 dókítà ẹran kan ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Ian Billinghurst, kọ ìwé kan tí ó fi ń kọ́ni pé kí a máa fi egungun tútù àti ẹran tútù bọ́ ajá, ẹ̀kọ́ náà sì ti tàn kárí ayé. Gbòǹgbò rẹ̀ ni pé ìran ìkookò ni ajá, ìkookò kì í sì í dá iná. Ó dùn gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n ajá ti kúrò lọ́dọ̀ ìkookò láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ó ti bá wa jẹun pẹ́ tí ikùn rẹ̀ fi yí padà. Ní ọdún 2013 àwọn onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Swídìnì fi hàn nínú ìwé Nature pé àmì àjogúnbá tí ń pàṣẹ fún ara láti ṣe omi tí ń da sítáàṣì inú oúnjẹ, méjì péré ni ìkookò ní; ajá a máa ní láti 4 títí dé 30. Ajá tí ń jẹ ẹ̀kọ tàbí àmàlà ní ilé wa kò sí nínú ìyà nítorí ìyẹn. Oúnjẹ tí ìran rẹ̀ ti kọ́ láti jẹ ni.

Ibi tí ọmọ náà ti lẹ́tọ̀ọ́ díẹ̀ ni pé ẹ̀bà lásán kò tó ajá. Ní nǹkan bí ọdún 1919, ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Mellanby, fi ògì ọkà bọ́ àwọn ọmọ ajá ní ilé, ẹsẹ̀ wọn sì wọ́, egungun wọn rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ti àwọn ọmọ tálákà ìlú Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà. Nígbà tí ó fún wọn ní òróró ẹ̀dọ̀ ẹja, ara wọn le. Láti ara ajá wọ̀nyí ni a ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa àrùn egungun rírọ̀ àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ẹran lásán pẹ̀lú, bóyá tútù tàbí sísè, kò ní kálísíọ́mù tí ó tó, ọmọ ajá tí a bá sì fi òun nìkan tọ́, egungun rẹ̀ yóò rọ̀ bákan náà. Àṣìpọ̀ oúnjẹ ni ó ń ba egungun jẹ́. Iná ìdáná kọ́.

Nísinsìnyí, kí ni ó wà nínú ẹran tútù náà? Láti ọdún 2010 sí 2012, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan náà yẹ ìdì oúnjẹ tútù 196 wò tí a ń tà fún ẹran ọ̀sìn. Wọ́n bá kòkòrò Salmonella nínú 15, wọ́n sì bá Listeria nínú 32. Ní ilẹ̀ Họ́láńdì, ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2018 yẹ ìdì 35 wò láti ọwọ́ àwọn 8 tí ń ṣe é: Salmonella wà nínú 7, Listeria nínú 19, àti nínú 28 ni a ti bá irú kòkòrò ìfun kan tí ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò kò ràn mọ́. Àwọn ìdì wọ̀nyí dì bí yìnyín nígbà tí a rà wọ́n. Firíìjì kì í pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Oorun ni ó fi ń sun wọ́n, wọ́n a sì jí bí ẹran bá ti yọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ nínú ìdì tí a ṣe ní ilé iṣẹ́ tí ó mọ́, kí a ro orí adìẹ tí a rà lórí tábìlì ọjà ní ọ̀sán gangan, tí eṣinṣin ti kí tán.

Ajá lè jẹ Salmonella kí ó má sì ṣe é ní nǹkan kan tí a lè fojú rí. Ṣùgbọ́n kòkòrò náà yóò máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, yóò wà ní ẹnu rẹ̀ àti ní irun rẹ̀. Ajá a sì máa lá ìdí ara rẹ̀, kí ó tó wá lá ojú ọmọ. Ọmọ tí ń rákò a máa fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ kí ó sì fi ọwọ́ kan náà sí ẹnu. Fún ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ mélòó kan ni. Fún ọmọ ọwọ́ àti arúgbó, ó lè di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, àní ó lè di ikú. Listeria a sì máa ba oyún jẹ́ nínú aboyún. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi gbà ní ọdún 2012 láti máa dá àwọn ènìyàn lẹ́kun fífún ajá àti ológbò ní ẹran tí a kò fi iná tàbí ọ̀nà mìíràn pa kòkòrò inú rẹ̀.

Ẹnìkan nínú ìjọ wa ti fi orí 22 ìwé Ẹ́kísódù dá mi lóhùn lórí èyí, níbi tí Òfin ti yọ̀ǹda ẹran tí ẹranko búburú fà ya fún ajá. Ó dára, ṣùgbọ́n ajá ìta ni ajá ìgbà náà. Kò sí ẹni tí ń jẹ́ kí ó sùn sí ẹsẹ̀ ibùsùn ọmọ.

Ohun kan tún wà tí ó burú ju kòkòrò wọ̀nyí lọ, òun ni ó sì mú mi kọ̀wé gígùn tó báyìí. Mo béèrè lọ́wọ́ alápatà kan tí a ti mọ ara wa pẹ́, ohun tí ó ń ṣe sí ẹ̀dọ̀ tí ó bá ní àpò omi lára, irú àpò funfun róbótó tí ẹ̀yin ìyá náà ti rí rí lára ẹ̀dọ̀ àgùntàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ajá ni a ń jù ú sí, Tíṣà. Ta ni yóò rà á lọ́wọ́ mi?" Kò rí ibi kankan nínú rẹ̀. Àwọn ará Áísílándì náà kò rí i tẹ́lẹ̀.

Áísílándì jẹ́ erékùṣù òtútù kan ní òkun àríwá, ilẹ̀ àgùntàn ni, kò sì sí oko tí kò ní ajá darandaran. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àìsàn kan gbilẹ̀ láàrin wọn tí ó ya àwọn oníṣègùn lẹ́nu: àpò omi a máa dàgbà nínú ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí yóò fi tóbi bí orí ọmọdé nígbà mìíràn. Bí ó bá bẹ́ nínú ara, ó lè pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ní ọdún 1863 ọ̀mọ̀wé ará Dẹ́nmákì kan, Harald Krabbe, kọjá sí erékùṣù náà láti wádìí rẹ̀. Ajá ni ó là wò, 100 nínú wọn. Nínú ìfun 28 ni ó ti bá aràn kékeré kan tí gbogbo gígùn rẹ̀ kò ju mílímítà mélòó kan lọ.

Ọ̀nà tí aràn náà ń gbà nìyí. Àwọn àgbẹ̀ a pa àgùntàn ní ilé, wọn a sì ju ẹ̀dọ̀ àti fùkù tí ó ní àpò omi sí ajá ní tútù. Inú àpò náà ni orí aràn wà bí iyanrìn. Nínú ìfun ajá wọn a di aràn, wọn a sì yé ẹyin. Ẹyin náà a bá ìgbẹ́ ajá jáde, a lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀, a sì bọ́ sórí koríko tí àgùntàn ń jẹ. Ènìyàn tí ó fọwọ́ pa ajá lára tí ó sì fi ọwọ́ náà jẹun, inú ara tirẹ̀ ni àpò omi yóò ti dàgbà. Aràn náà kì í ṣe ajá ní ibi tí ó hàn. Ajá ń sáré, ó ń kó àgùntàn wálé, ó sì sanra.

Krabbe kọ ìwé kékeré kan, a tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1864 ní èdè àwọn ará erékùṣù náà, a sì pín in fún àwọn agboolé wọn. Orílẹ̀-èdè tí ó mọ̀wé kà ni wọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ òtútù ẹnìkan a máa kàwé fún gbogbo ilé. Ìwé kékeré náà sọ fún wọn, ní èdè tí ó yé ìyá àti ọmọ, pé kí wọ́n má ṣe fún ajá ní nǹkan inú ẹran ní tútù mọ́, kí wọ́n sun ún tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Òfin tẹ̀ lé e, èyí tí ó múná jù sì jáde ní ọdún 1890. Ìlú Reykjavik tilẹ̀ fi òfin lé ajá kúrò ní ìgboro ní ọdún 1924, òfin náà sì wà títí di ọdún 1984 kí wọ́n tó dẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó mú inú mi dùn ni pé àwọn tí a bí lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ náà ti wọ ilé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àìsàn náà mọ́, ó sì ti parẹ́ ní Áísílándì. Wọn kò ní oògùn kankan fún un nígbà náà. Ìwé, àti ọwọ́ tí kò ju ẹ̀dọ̀ sí ajá mọ́, ni ó ṣe é.

Kì í ṣe gbogbo àpò omi ara ẹ̀dọ̀ ni ó jẹ́ ti aràn yìí. Àwọn mìíràn jẹ́ ti aràn ajá mìíràn tí kì í dàgbà nínú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ èyí yàtọ̀ sí ìyẹn, aràn náà sì ṣì ń dààmú ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí a ti ń sin ẹran, pẹ̀lú ní ilẹ̀ Áfíríkà. Alápatà ọ̀rẹ́ mi ti ṣèlérí láti máa rì í mọ́lẹ̀. A ó máa wò ó.

Ní kúkúrú, adìẹ tí ó bá kú fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe jù ú sí ajá. Àrùn lùkúlùkú ẹyẹ wọ ilẹ̀ wa ní ọdún 2006, ní ọdún 2004 sì ni ajá kan ti kú ní ilẹ̀ Táílándì lẹ́yìn tí ó jẹ pẹ́pẹ́yẹ tí ó ní in. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ológbò kan kú ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà nítorí oúnjẹ tútù tí a fi ẹran tòlótòló ṣe, tí àrùn náà wà nínú rẹ̀. Ẹ wa ilẹ̀ jìn, kí ẹ sì sin ín.

Àwọn kan a sì máa wí pé ẹran tútù ń mú kí ajá rorò, tàbí pé ó ń sọ ọ́ di dìgbòlugi. Ìkejì kì í ṣe òótọ́ rárá. Àrùn dìgbòlugi, láti inú ìgéjẹ ẹranko tí ó ti ní in ni ó ti ń wá, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó sì ń dènà rẹ̀. Ní ti rírorò, ọwọ́ ẹni tí ó tọ́ ajá ni kí a wò, kí a tó wo àwo rẹ̀.

Kí ni kí a wá fún ajá jẹ? Kí ọmọ ìyá wa máa ra orí adìẹ àti ẹsẹ̀ adìẹ rẹ̀, ajá fẹ́ràn wọn, owó wọn kò sì pọ̀. Kí ó sè wọ́n jinná, kí ó jẹ́ kí ó tutù, kí ó sì fi ọwọ́ yọ egungun inú wọn kúrò pátápátá. Awọ àti ẹran wọn ni kí ó pò mọ́ ìrẹsì tàbí ẹ̀kọ, kí ó da omi rẹ̀ lé e. Iṣẹ́ náà gba àkókò, èmi náà mọ̀. Kí ó má ṣe fi alùbọ́sà sí i. Alùbọ́sà, tútù tàbí sísè, a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, nítorí náà ọbẹ̀ ata wa kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀. Ẹ bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó sọ èròjà síkòkò. Ní ti kálísíọ́mù tí egungun ìbá fún un, èèpo ẹyin tí a sè, tí a sá gbẹ, tí a sì lọ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun ń ṣe iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí kò ní iyọ̀, tí a gún tegungun-tegungun títí kò fi sí ohun tí ó lè gúnni nínú rẹ̀. Iye tí ó yẹ kò dọ́gba fún ajá ńlá àti kékeré. Ẹ bi dókítà ẹran léèrè, pàápàá fún ọmọ ajá tí ń dàgbà. Ẹ gba oògùn aràn lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan náà. Kí àwo ajá ní kànìnkànìn tirẹ̀, kí a má ṣe fọ̀ ọ́ nínú bàsíà tí a fi ń fọ àwo ènìyàn. Kí a máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ọmọ tó jáde sí àgbàlá.

Ìyá wa náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwo egungun alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, inú garawa ìdọ̀tí tí ó ní ọmọrí ni kí ó máa lọ, ọmọrí tí ó wúwo, nítorí ajá tí ó ti mọ òórùn rẹ̀ kò ní ṣàì lọ ṣí i. Kí a sì sọ fún àwọn àlejò pẹ̀lú. Àwọn ni wọ́n máa ń ju egungun sábẹ́ tábìlì nígbà tí onílé bá yíjú sẹ́yìn.

Ẹni tí ó kọ̀wé béèrè nípa ológbò àti wàrà, lẹ́tà rẹ̀ ti dé. Ìdáhùn rẹ̀ yóò jáde lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.